Àga Dùrù Kan Ṣoṣo

"Ṣún díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Olúbọ̀dé bá Ayọ̀kẹ́mi sọ láyé nìyẹn. Kò sọ orúkọ, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn jókòó ti ọmọbìnrin náà lórí àga dùrù, ó nawọ́ sórí dùrù bí ẹni tó wá gba ogún bàbá rẹ̀.

"Ṣé wọn kì í kíni nílùú yín ni?" Ayọ̀kẹ́mi bi í.

"Okun o," ó wí, láì wojú rẹ̀. "Ó yá, ká bẹ̀rẹ̀."

Olùkọ́ wọn ní yunifásítì ló dá wọn pọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka orin fẹ́ lọ ṣeré ní Kàbà ní ìparí sáà. Àwọn kan á ta fáólìn, àwọn méjì á sì jọ tẹ dùrù kan náà, ọwọ́ mẹ́rin lórí dùrù kan. Olùkọ́ ní níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ọmọ Okun ni àwọn méjèèjì, wọn ó gbọ́ ara wọn yé. Kò mọ̀ pé ọmọ Mopa ni Ayọ̀kẹ́mi, ọmọ Ògìdì sì ni Olúbọ̀dé, àti pé Ìyàgbà àti Ìjùmú lè fi gbogbo ọ̀sán jiyàn lórí bó ṣe yẹ kéèyàn kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀.

Wọn ò tíì dé ìlà kejì tí ìjà fi dé.

"Dúró ná." Olúbọ̀dé ká ọwọ́ kúrò. "Ta lò ń dúró dè?"

"Èmi? Mi ò dúró."

"O dúró. Bí ìlà bá ti parí, wàá gbé ọwọ́ sókè bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ta lò ń dúró dè?"

Ayọ̀kẹ́mi rò ó wò. "Ìjọ," ó wí.

Òtítọ́ ló sọ. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí wọ́n fi í sídìí dùrù ìjọ wọn ní Mopa, dùrù ẹlẹ́sẹ̀ tí eku ti jẹ nínú. Bí kò bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láìsinmi, ohùn rẹ̀ á kú. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kò tólẹ̀. Etí àga ló ń jókòó sí, àpá igi àga náà ṣì wà lẹ́yìn itan rẹ̀ dòní. Àwọn ìyá àgbà tó ń kọrin kò lè kọ ìlà méjì pọ̀ láìmí. Bó bá sáré jù wọ́n lọ, wọn á dákẹ́, wọn á máa wò ó. Ibẹ̀ ló ti kọ́ láti máa gbé ọwọ́ sókè, kí àwọn ìyá lè mí.

"Kò sí ìyá àgbà níbí," Olúbọ̀dé ní. "Èmi àti ìwọ nìkan ni."

Òun náà ń sáré bí ẹni ajá ń lé, ó sì ní ìdí tirẹ̀. Dùrù kékeré oníbátìrì ló fi kọ́ṣẹ́ ní Ògìdì. Bátìrì tí rédíò bàbá rẹ̀ ti lò kú ni wọ́n máa ń fún un. Yóò sá a sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọfí tí wọ́n ń gbẹ, kó lè tún rí agbára díẹ̀. Orin kan péré ni agbára náà ń gbé. Bí kò bá sáré, dùrù á kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kí orin tó parí.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń jà lójoojúmọ́. Olúbọ̀dé ń fi imú kọrin, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọmọ ọlọ́mọ. Ayọ̀kẹ́mi gbéra láti lọ sọ fún olùkọ́ pé kí wọ́n fún òun ní ẹlòmíràn, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó mọ ohun tó ń dá a padà, ohun náà gan-an ló sì ń bí i nínú. Ó ti nífẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin yìí. Bí ebi bá ń pa á, Olúbọ̀dé á bó ẹ̀pà fún un títí ọwọ́ rẹ̀ á fi kún. Ó pè é ní "atẹdùrù mi" lẹ́ẹ̀kan. Inú Ayọ̀kẹ́mi dùn, ó ń retí ọ̀rọ̀ tó kù. Èyí tó tẹ̀ lé e ni, "Ìka rẹ kẹrin ti ṣìnà."

Nígbà tí wọ́n dé Kàbà lọ́jọ́ tó ṣáájú eré, màmá Ayọ̀kẹ́mi gbé oúnjẹ wá láti Mopa. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn níbi tí àwọn méjèèjì ti ń ṣe ìdánrawò.

"Ayọ̀kẹ́mi! Àga kan ṣoṣo?"

"Mọ́mì, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn."

"Kí gbogbo Kàbà wá jókòó, kí wọ́n máa wo ọmọ mi lára ọmọ ọlọ́mọ? Bí wọ́n bá bi mí pé ìgbà wo la gba àna, kí ni kí n wí?"

Olúbọ̀dé ti dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà."

"Dìde. Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Oyèbánjí ni mí, mà, láti Ògìdì."

"Ó dáa. Bí o bá ní ohun tí o fẹ́ sọ, wá fi ẹnu sọ ọ́ nílé mi kí o tó máa fi èjìká sọ ọ́ ní gbangba. Bí o ò bá ní, àga méjì lẹ máa jókòó sí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mò ń mú ọmọ mi lọ sílé."

Olúbọ̀dé la ẹnu. Ó pa á dé. Màmá gbé báàgì rẹ̀ sáàárín wọn lórí àga, ó ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbìyànjú àga oníke méjì bó ṣe wí. Ibi tí ọwọ́ wọn ti ń kọjá ara wọn nínú orin náà, ọwọ́ àga méjèèjì kọlu ara wọn, aṣọ Olúbọ̀dé há sáàárín. Àwọn tó ń ta fáólìn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ayọ̀kẹ́mi dìde, ó jáde. Olúbọ̀dé sáré tẹ̀ lé e.

"Nínú orin, o kì í dúró de ẹnikẹ́ni," Ayọ̀kẹ́mi ní. "Màmá mi bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan, o kú bíi bátìrì. Bọ̀dé, ta lò ń dúró dè?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀gbọ́n wo?"

"Dáníẹ́lì. Kò tíì gbéyàwó. Bàbá wa ní àbúrò kò gbọdọ̀ ṣáájú ẹ̀gbọ́n délé àna."

"Ó ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́?"

"Adìẹ ló ń sìn."

Ẹ̀rín gba Ayọ̀kẹ́mi lẹ́nu, inú sì bí i pé òun rẹ́rìn-ín. "O ò tilẹ̀ tíì sọ fún mi pé o fẹ́ mi."

"Olólùfẹ́, ta ló ń bó ẹ̀pà fún ẹni tí kò fẹ́?"

"Ẹ̀pà! Ẹ̀pà kì í sọ̀rọ̀, Olúbọ̀dé! Bí mo bá jókòó sórí àga oníke yẹn lọ́la, má tún bá mi jókòó mọ́ láéláé."

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún. Màmá wà níwájú, báàgì lórí itan. Oyèbánjí, bàbá Olúbọ̀dé, àti Dáníẹ́lì jókòó ní òdìkejì. Àwọn onífáólìn ṣe tiwọn tán, ó ku àga oníke méjì níwájú dùrù. Ayọ̀kẹ́mi jáde sórí pèpéle, ọkàn rẹ̀ wúwo. Olúbọ̀dé tẹ̀ lé e nínú kóòtù tó yá, ó wo àwọn àga náà, ó sì bọ́ sílẹ̀ láti orí pèpéle. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú màmá.

"Ilé yín ló yẹ kí n ti sọ ọ́, mà. Mo pẹ́, ẹ foríjì mí. Mo fẹ́ Ayọ̀kẹ́mi. Mo ti fẹ́ ẹ láti ọjọ́ tí mo ní kó ṣún díẹ̀."

Ariwo sọ. Ayọ̀kẹ́mi fi ọwọ́ bo ojú. Níwájú gbogbo Kàbà! Ṣé ọmọ yìí ò mọ ìwọ̀n ni?

"Olúbọ̀dé!" Bàbá rẹ̀ fò dìde. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó kọjá!" Dáníẹ́lì náà ti dìde. "Ẹ jọ̀ọ́! Ó ti sú mi. Bó bá ti wo obìnrin, èmi lẹ máa ń wò."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá jókòó padà, ó fi fìlà nu ojú. "Àwọn ọmọ yìí máa pa mí."

"Okun o, Bàbá Olúbọ̀dé," màmá ní.

"Okun o, ìyá."

"Ṣé ẹ ó wá sí Mopa wá sọ èyí bó ṣe yẹ?"

"A ó wá. Ojú tì wá, ṣùgbọ́n a ó wá."

Màmá yíjú sí ọmọkùnrin náà. "Dìde. Kóòtù oníkóòtù lo fi ń gbálẹ̀. Ẹ gbé àga gígùn wọn wá." Ó tẹ̀ lé àga náà dórí pèpéle, ó sì gbé báàgì rẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì. "A ò tíì gba ìdáná," ó ní, ó sì padà sí ìjókòó rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ parí, ọwọ́ Ayọ̀kẹ́mi gòkè bó ṣe máa ń gòkè ní Mopa. Ó ń retí kí Olúbọ̀dé sáré fi òun sílẹ̀. Kò sáré. Ọwọ́ tirẹ̀ náà wà lókè, ó ń mí. Ní ìlà kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní ìlà kẹta wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n sì gbàgbé láti sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Níwájú, màmá fi ọwọ́ lu itan.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ta lẹ tún ń dúró dè?"

Ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sórí dùrù lẹ́ẹ̀kan náà. Báàgì náà já bọ́ sílẹ̀, màmá rí i, kò sì dìde láti gbé e.