Ìwé Inú Páálí Oògùn

"Akọ̀wé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á délẹ̀."

Mọ́síùrá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Ànísà, ló ń bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, kódà kó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ànísà nìkan ló mọ Faransé kà nínú ilé wọn ní àdúgbò Koumassi Remblais, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, Akọ̀wé ni Mọ́síùrá sì sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Sùrájù, àbúrò Ànísà, ti ya aràn. Ìyá wọn ra oògùn aràn, ó ní kí gbogbo ilé lò ó, ó fi páálí rẹ̀ lé Ànísà lọ́wọ́ pé kó ka ìwé inú rẹ̀ fún wọn, ó sì gba ọjà lọ.

"Ànísà, viens vite!" Huguette, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń pè é lẹ́nu ọ̀nà pé kó yára wá. Ijó kúpé-dékalé ti bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò kejì.

Ànísà ka ìlà méjì, ó ká ìwé náà.

"Ṣé gbogbo obìnrin ló lè lò ó?" Mọ́síùrá rọra béèrè.

"Gbogbo wọn ni! Hóró kan péré. Ìyàwó wa, gbé e mì jàre!"

Mọ́síùrá gbé e mì.

Nígbà tí Ànísà ti ijó dé, ó ṣí ìwé náà wò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n mà ní kí aláboyún má lò ó láìrí dókítà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí aláboyún níbí."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Mọ́síùrá. "Oṣù méjì," ló wí. Ọdún mẹ́rin ló ti ń retí oyún yìí, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí àwọn méjèèjì dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kò jágbe mọ́ wọn. "Hóró kan lè má ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n n kò lè búra. Oògùn tó ti wọ ara, a ò lè fà á padà. Ẹ máa ṣọ́ra yín; bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ sáré wá."

Ànísà túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí Yorùbá fún Mọ́síùrá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fo ọ̀kan.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pọnmi, tó ń fọṣọ Mọ́síùrá, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè tún nǹkan ṣe. Bí Mọ́síùrá bá wọ balùwẹ̀, Ànísà á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á máa tẹ́tí bóyá yóò ké pé òun rí ẹ̀jẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, tirẹ̀ ti balẹ̀.

Oògùn aràn dára, ara Sùrájù ti yá. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ọmọdé mu lè má bá aláboyún mu. Ẹni tí wọ́n bá ní kó kàwé oògùn, kó kà á tán, tàbí kó sọ pé òun kò mọ̀.

Mọ́síùrá kò bá a jà. Ó kàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ànísà.