Àmì Tí Kalina Rán Mọ́ Jákẹ́ẹ̀tì Rẹ̀

"Kalina, níbo lo ti rí jákẹ́ẹ̀tì yìí? Má purọ́ fún mi o." Simona, ọmọ kíláàsì rẹ̀, yí ọrùn aṣọ náà síta, ó sì rí àmì Veronti, orúkọ aṣọ olówó ńlá kan, níbẹ̀. Ẹnu yà á.

"Àbúrò bàbá mi ló rà á ránṣẹ́ láti Ítálì."

Irọ́ ni. Ratka, ìyá Kalina, ló rán an. Ó ti pẹ́ tí Ratka ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní ìlú Štip, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ olówó ńlá fún àwọn ará òkèèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi rán jákẹ́ẹ̀tì náà fún ọmọ rẹ̀, nígbàkígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì Kalina, ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bá lórúkọ, wọn kì í kà á sí. Ni Kalina bá tú àmì Veronti ara síkáàfù àlòkù kan, ó rán an mọ́ ọrùn jákẹ́ẹ̀tì.

Kalina àti Simona pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì wọn kan ò tíì kúrò lẹ́nu géètì ilé-ìwé nígbà tí Ratka yọ sí wọn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, tí òwú funfun lẹ̀ mọ́ ọn lápá.

"Kalina, o gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé. Mo ní kí n sáré mú un wá."

"Ẹ káàsán mà," ni Simona wí. "Jákẹ́ẹ̀tì tí àbúrò bàbá Kalina rà fún un yìí mà wù mí o."

Ratka wo ọmọ rẹ̀, ó wo àmì ọrùn aṣọ náà. Kalina tẹjú mọ́lẹ̀.

"Ó yẹ ẹ́," ni ìyá rẹ̀ sọ. Ó fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó sì yí padà.

Kò tíì rìn jìnnà tí Kalina fi ké pè é. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró." Ó kọjú sí Simona. "Mi ò ní àbúrò bàbá kankan ní Ítálì. Ìyá mi ló rán aṣọ yìí." Ó já àmì náà dànù lójú gbogbo wọn.

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Simona kàn wò ó. "O wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ látàárọ̀," ló wí, ó sì wọlé lọ.

Kalina sáré bá ìyá rẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Ojú ló ń tì mí."

"Orúkọ ẹlòmíràn ni mò ń rán mọ́ aṣọ lójoojúmọ́," ni Ratka dáhùn. "Èyí nìkan ni mo rán tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára. Ìwọ ni mo rò pé wàá jẹ́ orúkọ rẹ̀."

Fún oṣù méjì, Simona kò bá Kalina sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọkùnrin ń pè é ní Veronti ní kíláàsì, òun náà a máa dá wọn lóhùn pé, "Ọmọ Ratka ni mí." Nígbà tó yá, ó sú wọn, wọ́n fi í sílẹ̀.

Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì náà jálẹ̀ ìgbà òtútù, ó gbé orí sókè. Ó ti yé e pé aṣọ kì í sọni di ẹni tí a kì í ṣe, àti pé kò sí ọjà kan láyé tó yẹ kí ọmọ torí rẹ̀ sẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀.