Àmì Tó Wọ Aṣọ Òkú

Ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ Tanemura fẹ́ ṣí àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ tuntun, àmì náà ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń bá wọn díje ló gbé e síta, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Ará Japan ni Tanemura. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n ń tà ní ìlú Plano, ní Texas, l'Amẹ́ríkà. Ó ti rẹ Détọ́lá, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn, kó tó débẹ̀ rárá.

Ènìyàn mẹ́ta ló ní àmì náà lọ́wọ́: Ìbílọlá tó yà á, Michelle ọ̀gá rẹ̀, àti Dàpọ̀ tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Michelle ti pinnu pé Ìbílọlá ni. Wọn yóò lé e nírọ̀lẹ́, ìwé ìgbélùú rẹ̀ sì so mọ́ iṣẹ́ náà.

Michelle ní inú fóònù òun ni àwòrán náà wà, òun kò fi ránṣẹ́ síbìkan. Dàpọ̀ wà nínú ilé, lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tẹ sítíkà mọ́ gíláàsì kí àwọn tó wà níta lè rí i bí wọ́n bá ṣí bébà tó bo gíláàsì náà níta. Ó ní òun ò mọ̀ ju iṣẹ́ òun lọ.

Ìbílọlá ń di ẹrù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú."

Détọ́lá ní, "Jókòó. Àwọn ọ̀gá ní Japan kọ̀wé pé wọ́n ti wọ àwọn láṣọ òkú. Kí ni wọ́n ń sọ?"

Láti àárọ̀ ni ojú ti ń ti Ìbílọlá láti wo àwòrán tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà. Ó wò ó báyìí.

"Ọrùn kìmónò, aṣọ ìbílẹ̀ Japan, ni mo yà. Etí aṣọ méjì tó gun ara wọn. Ti òsì ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń wà lókè. Òkú nìkan ni wọ́n ń fi ti ọ̀tún lé ti òsì fún. Òdì lèyí."

"Ti fóònù Michelle ńkọ́?"

"Ó wà bí mo ṣe yà á."

Détọ́lá padà sẹ́nu ọ̀nà. Sítíkà kan ṣẹ́kù lórí tábìlì. Ó gbé àwòrán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n bára mu. Nítorí pé láti inú ilé ni wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́, òdì ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, kó lè tọ́ lójú ará ìta.

"Dàpọ̀, sítíkà yìí lo yà ní fọ́tò."

Dàpọ̀ nu ọwọ́. "Mo mọ̀ pé òdì ni. Mo rò pé ọ̀tún òun òsì ẹ̀ ò yàtọ̀ síra ni."

"Kí ló dé tó o fi ṣe é?"

"Iṣẹ́ àwòrán ni mo kà ní yunifásítì ní Denton, ẹ̀gbọ́n. Gíláàsì ni wọ́n ní kí n máa nù níbí. Àwọn tó ń bá wa díje ní àwọn á jẹ́ kí n yàwòrán."

Détọ́lá kò bá a wí. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó pe Michelle, ó fi àwòrán àti sítíkà náà hàn án.

Nígbà tí Michelle fi máa dé ọ̀dọ̀ Ìbílọlá láti tọrọ àforíjì, obìnrin náà ti ń kó ẹrù rẹ̀ padà sórí tábìlì, kò gbójú sókè.