Obìnrin tí Wọn Kò Bí ní Montbrac

Nígbà tí Fada Estève pe orúkọ Aldonce Marty ní Máàsì Ọjọ́ Àwọn Òkú, ẹnì kan dìde láti ìjókòó ẹ̀yìn, ó rìn wá síwájú, ó gba àbẹ́là. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní abúlé Montbrac lọ́dọọdún nìyẹn: fada á pe orúkọ olóògbé, ará ilé rẹ̀ kan á dìde, á gba àbẹ́là. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: Aldonce Marty kò gbé ayé rí.

Kò sí ẹni tó mọ èyí tó Odile Vayssière, tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ abúlé náà ní ìtàn. Ìwé ìtàn àròsọ kan ló gbòde. Ìwé náà ní olùtọ́jú ilé fada kan ní Montbrac, Aldonce Marty, fi àṣírí ife mímọ́ tí Jésù fi mu wáìnì pamọ́ títí tó fi kú lọ́dún 1957. Láti ìgbà tí ìwé náà ti jáde ni bọ́ọ̀sì kò ti yéé já àwọn àlejò sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Odile ló ń mú wọn káàkiri, tó ń ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára irọ́ fún wọn, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

"Ilẹ̀kùn yìí, òótọ́ ni. Yàrá àṣírí tí ìwé ní ó wà lẹ́yìn rẹ̀, irọ́ ni. Ìgbálẹ̀ la kó síbẹ̀. Ìyá Aldonce ńkọ́? Mo ti yẹ ìwé ìsìnkú ọdún 1957 wò látòkè délẹ̀. Ẹni mẹ́sàn-án la sin. Kò sí i níbẹ̀."

"Ìyá Tíṣà," àlejò kan á fi í ṣe yẹ̀yẹ́, "ṣé kì í ṣe Póòpù ló bẹ̀ yín níṣẹ́ láti bo àṣírí náà?"

"Póòpù kò mọ̀ mí o. Ká ní ó mọ̀ mí ni, òrùlé wa kò ní máa jò."

Nítorí náà, bí máàsì ti parí, ó bá fada nínú yàrá ìmúra.

"Fada, ta ló kọ orúkọ Aldonce Marty sáàárín àwọn òkú wa? Inú ìwé ìtàn ló wà!"

Fada ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ó ń ṣẹ́jú. "Ojú mi ti di bàìbàì, ọmọ mi. Ohun tí mo bá bá nínú ìwé ni mo ń kà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣùgbọ́n a ti gbàdúrà òkú fún un báyìí. Ó ní láti ti kú nìyẹn. Bó bá sì ti kú, a jẹ́ pé ó gbé ayé rí..." Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀.

"Ta ló wá gba àbẹ́là rẹ̀?"

"Mi ò rí ojú rẹ̀," ni fada sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó ń rùn bí ọṣẹ ìfọṣọ."

Odile ṣí ìwé ìsìnkú kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ìlà karùn-ún: Aldonce Marty, oṣù kẹta. Ọwọ́ fada àtijọ́ ló kọ ọ́, yíǹkì náà sì ti pọ́n bíi ti àwọn yòókù. Ó ka orúkọ. Mẹ́sàn-án. Ó tún un kà. Mẹ́sàn-án náà ni, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó di mẹ́wàá, bí wọ́n bá fi ẹnì kan kún un.

Ta ló wá kúrò?

Ó ń fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó mọ̀. Fanette ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ibà pa ní oṣù kẹta náà.

Ó sáré lọ sí ibojì ìdílé wọn. Orúkọ bàbá wà lára òkúta, ti ìyá wà. Lábẹ́ wọn, níbi tó yẹ kí orúkọ Fanette wà, òkúta náà ń dán, kò sí àpá kankan. Ó gba ilé Marcelin lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin.

"Bọ̀ọ̀dá, ọjọ́ wo la sin Fanette?"

"Ta ni?"

"Fanette! Àbúrò yín!"

"Odile, èmi pẹ̀lú rẹ nìkan ni màmá bí. Ṣé o tiẹ̀ ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

Ó di ìjókòó mú. "Aldonce Marty ńkọ́?"

"Ìyá Aldonce ilé fada? Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ìwọ gan-an kọ́ lo máa ń rọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ nítorí bisikíìtì?"

Ohun tó dẹ́rù ba Odile jù ni pé adùn bisikíìtì náà wá sí i lẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa Fanette sílẹ̀. Bí tíṣà, ó pín ojú ìwé sí méjì: ohun tó dá a lójú lápá òsì, ohun tí kò dá a lójú lápá ọ̀tún. Fanette máa ń súfèé. Eyín iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àbí ti ọmọ mìíràn ni, nínú àwọn tó ti kọ́? Ó gbé e lọ sápá ọ̀tún. Nígbà tó fi parí, apá òsì ti ṣófo.

Ó gbé e fún Marcelin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà á lẹ́bàá fèrèsé títí dé òpin, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu omijé.

"Ọmọ náà wọ̀ mí lọ́kàn," ó ní. "Ibi tó ti kú yẹn ká mi lára gan-an. Báwo lo ṣe ronú kan irú ìtàn àròsọ yìí, Odile? Wá ẹni tí á bá ọ tẹ̀ ẹ́ jáde."

Odile la ẹnu láti sọ pé òótọ́ ni. Ó ń wá ọ̀rọ̀ náà. Ojú rẹ̀ bọ́ sí apá òsì ìwé náà tó ṣófo, kò sì dá òun fúnra rẹ̀ lójú mọ́.