Ogójì Mítà Láti Ibo?

Ẹ̀yin ará, bí òjò bá ti rọ̀ léra wọn lẹ́ẹ̀mejì ní Òkè-Ogbo, àwa tí a ń gbé nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò mọ ohun tó kàn: bàtà á máa léfòó nínú yàrá. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa pe Mojíre, ọmọ Fáṣínà káfíńtà, pé kó wá fi dróònù ya àwòrán gbogbo ilẹ̀ náà látòkè, kí a lè mọ ibi tí gọ́tà tuntun yóò gbà.

Mojíre ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ nípa wíwọn ilẹ̀ ni. Dróònù kékeré ló rà, irú èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán níbi ìgbéyàwó. Kì í ṣe pé ó ń fọwọ́ wà á o. Ó ti ya ìlà sínú áàpù orí fóònù rẹ̀, dróònù yóò sì máa tẹ̀ lé ìlà náà fúnra rẹ̀, yóò máa lọ, yóò máa bọ̀ bí ẹni tó ń kọ ebè. Ìlà mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀, láti etí odò títí dé orí òkè.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a pé lé e lórí bí ìgbà tí wọ́n ń ṣí ìbòjú lójú ìyàwó. Alága wa, Alàgbà Lágúnjú, kò jẹ́ kí ọmọ náà mí.

"Mojíre, jẹ́ kó fò nísàlẹ̀ dáadáa o. Gọ́tà la fẹ́ rí, a ò fẹ́ wo òrùlé bíi kóró iyanrìn."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ogójì mítà ni mo sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sí."

"Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wá já ńkọ́? Ṣé kò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó padà?"

"Rárá, sà. Mo ti sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ pé tó bá já, kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ."

Alága rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ tó gbọ́n ni. Àwa náà pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a pàtẹ́wọ́, nítorí gbogbo wa la lọ́wọ́ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀.

Dróònù gbéra. Ìlà kìn-ín-ní, ìkejì, ìkẹta. Ní ìlà karùn-ún, ó kọjá sẹ́yìn àwọn ilé tó wà lára òkè, a ò rí i mọ́. Ní ìlà kẹfà, rìmóòtù ọwọ́ Mojíre ké, ojú fóònù sì pọ́n. Ìsopọ̀ ti já.

"Kò séwu," Mojíre wí. "Á parí, á padà wá."

Ìgbà yẹn ni Bàbá Akínkúnlé dé. Awọnlẹ̀ ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Sọ̀fíọ̀ ni a ń pè é. Kì í pariwo. Ó wo odò, ó wo orí òkè, ó wá bi Mojíre pé mítà mélòó ni dróònù náà fi ga.

"Ogójì, sà."

"Ogójì láti ibo?"

"Láti ilẹ̀, sà."

"Ilẹ̀ wo? Ibi tó ti gbéra ni, àbí ibi tó wà báyìí?"

Mojíre bojú wo orí òkè.

"Ọmọ mi, ibi tó ti gbéra ni ẹ̀rọ yẹn fi ń ka gíga ẹ̀. Etí odò yìí nìyẹn. Wo òkè yẹn, ó fi bíi mítà méjìdínlọ́gbọ̀n ga ju ibi tí a dúró sí lọ. Tó bá débẹ̀, ogójì rẹ á ti ku méjìlá péré. Kí ló wà lórí òkè níbẹ̀?"

Alága ló dáhùn. "Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta tí wọ́n ń kan páànù lé lórí ni."

Ojú Mojíre yí padà. "Bàbá mi ni káfíńtà ibẹ̀! Bàbá mi wà lórí òrùlé yẹn!"

Ẹ̀rù bà wá gan-an. Dróònù kékeré yẹn kò ní ojú tó fi ń rí ohun tó wà níwájú rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì mú. Káfíńtà tó wà lórí òrùlé kò sì ní ohun tó gbé e dúró ju igi tó fẹsẹ̀ lé lọ.

"Pè é lórí fóònù!" Alága pariwo.

"Kì í gbé fóònù gun òrùlé. Inú báàgì iṣẹ́ ẹ̀ ló máa ń fi sí nísàlẹ̀." Mojíre ń ka ìlà lójú fóònù rẹ̀. "Ìlà kẹjọ ló gba ibi ilé yẹn. Ìlà kan ò ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ."

Bàbá Akínkúnlé ti na ọwọ́ dá ọlọ́kadà kan dúró. "Gbé rìmóòtù yẹn dání, gun òkè. Tí ojú ẹ bá ti rí dróònù náà, rìmóòtù máa rí i. Má sọ pé kó padà wálé o, ó lè yí lu nǹkan. Kọ́kọ́ dá a dúró. Tó bá ti dúró, gbé e lọ sókè tààrà. Ṣó o gbọ́?"

Mojíre ti jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún wa.

Òjò ti gbẹ́ ọ̀nà òkè náà kotokoto. Ọ̀kadà yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Mojíre ò fi rìmóòtù sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ sórí òkè, ó rí bàbá rẹ̀ lórí òrùlé. Ó kúnlẹ̀, ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń kan páànù. Ó sì rí dróònù náà tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn bàbá, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju orí rẹ̀ lọ.

Ó fẹ́ pariwo. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Bó bá pe bàbá rẹ̀, bàbá máa dìde dúró láti wo ẹni tó ń pè é, ìdìde yẹn gan-an ló sì máa gbé orí rẹ̀ pàdé abẹ̀bẹ̀. Bí kò bá sì pè é ńkọ́? Rìmóòtù ṣì dákẹ́. Ó gbé e sókè orí, ó ń sáré lọ síwájú lórí òkúta, ó ń sọ pé, "Jésù, jẹ́ kó so. Jẹ́ kó so."

Rìmóòtù ké, ó ti so. Mojíre tẹ ìdádúró.

Dróònù dúró sójú afẹ́fẹ́. Àárín òun àti orí bàbá náà kò tó ọ̀pá méjì. Mojíre gbé e lọ sókè títí ó fi kéré lójú, ó wá jókòó sínú ẹrẹ̀.

Bàbá yọ ìṣó lẹ́nu, ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó bá ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ẹ ò gbọ́ ariwo ẹ̀ ni?"

"Mo gbọ́ ọ. Ó ti kọjá níwájú ilé yìí lẹ́ẹ̀kan, mo sì rí i."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀kalẹ̀?"

Ìbéèrè náà ya bàbá lẹ́nu. "Kí ni mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ fún? Ṣebí ìwọ lò ń wà á. Mo rò pé ò ń rí mi ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ní dróònù, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ẹni tó ní in síṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Kí ẹ tó ya ìlà kankan sínú áàpù, ẹ fi ẹsẹ̀ yín rin ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹ wo ilé tó ga jù, ẹ wo igi, wáyà iná àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bó bá ṣeé ṣe, ibi tó ga jù ni kí ẹ ti jẹ́ kó gbéra, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti máa ka gíga rẹ̀. Bí áàpù yín bá lè jẹ́ kó máa bá òkè gòkè, kó máa bá ilẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ẹ lò ó. Gíga tó máa fi padà sílé náà gbọ́dọ̀ ju ohun gbogbo tó wà lọ́nà lọ.

Bí ìsopọ̀ bá já, kó padà ni kí ẹ ní kó ṣe. Àwòrán tó bá kù, ẹ lè yà á lọ́la. Ẹ má jẹ́ kó kúrò níbi tí ojú ti lè rí i, bí òkè bá sì dí yín lójú, ẹ fi ẹnìkan sí òdìkejì pẹ̀lú fóònù. Ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ tí òfin yàn, kí ẹ sì sọ fún àdúgbò láti ilé dé ilé, títí kan ẹni tó wà lórí òrùlé.

Ẹ̀yin alága náà, ẹ yé kán ọmọ lójú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Mojíre tún iṣẹ́ náà ṣe lọ́jọ́ Ajé, láti orí òkè, ó sì kọ́kọ́ lọ bẹ bàbá rẹ̀ pé kó sọ̀kalẹ̀. Bàbá sọ̀kalẹ̀. Ó ní òun ò bínú rárá. Ṣùgbọ́n kò padà sídìí iṣẹ́, kò sì jókòó. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wo dróònù náà, kò gbójú kúrò lára rẹ̀ títí ó fi balẹ̀.