Aṣọ Keje

Òjò ń rọ̀ wàràwàrà láti ìdájí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ màmá kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù gbẹ táútáú. Òórùn káńfọ̀ ń ti ara wọn jáde.

"Nọ́ọ̀sì, aṣọ mélòó lẹ fi sí ikùn ọmọ mi?"

"Mẹ́fà ni, mà," ni Fẹ́yìsayọ̀ dáhùn. "Ẹnu mi ni mo fi kà á."

"Méje ni. Kí okùn wà lọ́wọ́ dókítà kó tó fa keje yọ o."

Kó tó fèsì, kò rí wọn mọ́.

Níjẹta ni ọkọ̀ akẹ́rù fún Lásúnkànmí, alágbàrù obì ní Sábó, mọ́ ògiri. Dókítà Dúrótìmí la ikùn ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ya bí omi ẹ̀rọ, ara ẹ̀ sì tutù. "Bí a bá ní ká parí ẹ̀ lónìí, òkú la máa rán," ni wọ́n wí. Wọ́n fi aṣọ mẹ́fà dí ojú ẹ̀jẹ̀, wọ́n rán ọ̀rá dírípù bo ikùn náà, kí ara ẹ̀ móoru fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó padà wá parí ẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ kọ 6 sí ìwé iṣẹ́ abẹ, ó tún kọ ọ́ sí pílásítà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láyà. Kò kàwé tó dókítà, ṣùgbọ́n iye tó bá kà kì í yẹ̀.

Láàárọ̀ òjò yẹn, lẹ́yìn tí màmá náà lọ, wọ́n padà sí ikùn ọ̀hún. Aṣọ mẹ́fà jáde.

"Ó pé. Abẹ́rẹ́, ká rán an."

"Ẹ wo abẹ́ ẹ̀dọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti ya jù, sà. Ó lè ku ọ̀kan," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Ìwọ náà lo kọ mẹ́fà!"

"Èmi ni, sà. Mi ò ní gbé abẹ́rẹ́ yín fún yín. Okùn rèé."

Dókítà pòṣé, wọ́n ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀dọ̀. Ojú wọn yí padà. Bí wọ́n ṣe fa nǹkan yọ báyìí, ẹ̀jẹ̀ tú pùú! Okùn ti wà lọ́wọ́. Wọ́n so iṣan náà pa.

Ohun tó jáde kì í ṣe aṣọ ọsibítù. Etí ìró funfun ni, òwú pupa ni wọ́n fi rán ìdajì ẹ̀. Ó ń rùn káńfọ̀.

Fẹ́yìsayọ̀ gbé e jáde lọ bá Olúrántí, ìyàwó aláìsàn. Obìnrin náà já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Níbo lẹ ti rí i? Èmi ni mo rán an. Òwú funfun ló tán, ni mo fi pupa parí ẹ̀. Ìró tí a fi sin ìyá ọkọ mi ni. Ọdún kẹfà rèé!"

Fẹ́yìsayọ̀ padà wọlé, ó ṣí ìwé iṣẹ́ abẹ, ó fa ìlà gba orí 6 kọjá.

"Kí lo fẹ́ kọ?" ni Dókítà bi í wúyẹ́wúyẹ́.

"Iye tó jáde, sà."

Ó kọ 7.