Kelewele Eku Keje

"Tàíbátù, wá wò ó! A ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí!"

Díẹ̀ ló kù kí Dókítà Modúpẹ́ máa jó nínú yàrá àyẹ̀wò rẹ̀ ní Accra. Eku méjìlá ló ń sìn níbẹ̀. Mẹ́fà ń jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá, mẹ́fà ń jẹ oúnjẹ lásán, kó lè mọ bí ọ̀rá tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń mú kí ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù wú. Àìsàn yẹn ló dá bàbá mi, Àlàmú tó ń ta wáyà iná ní ọjà Okaishie, dùbúlẹ̀ sí ọsibítù lọ́dún tó kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀bẹ̀ pé kí n máa wá bọ́ àwọn eku náà nígbà ọlidé.

Oúnjẹ lásán ni eku keje ń jẹ, síbẹ̀ ọ̀rá kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

"A jẹ́ pé ọ̀rá yìí ò ti inú oúnjẹ wá nìyẹn," ni Dókítà wí. "Màá kéde rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀gá lọ́jọ́ Ẹtì. Orúkọ tìrẹ náà á wà níbẹ̀!"

Orúkọ mi! Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan péré, lẹ́yìn náà ni mo rántí ohun tí mo ti ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tòótọ́. Ìyá mi ló kọ́ mi pé tí mo bá ń jẹun, tí ẹnì kan sì wà nítòsí, mo gbọ́dọ̀ pè é wá jẹ. Lọ́sàn-án gbogbo ni mo sì ń ra kelewele, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín aláta yẹn. Eku keje á dìde dúró nínú kéèjì, á máa wò mí lẹ́nu. Ta ló lè jẹun báyẹn? Mo ní, "Ó yá, wá jẹun." Kò kọ̀ rí.

Ọkàn mi ní kí n panu mọ́. Eku ò kúkú lè rojọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí bàbá mi lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Tí irọ́ bá wọ ìwé Dókítà, irọ́ ni wọ́n á fi máa tọ́jú àwọn aláìsàn bíi bàbá mi.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Mo máa ń fi kelewele lọ eku keje."

"O máa ń ṣe kí ni?"

"Ó ń wò mí lẹ́nu ni, mà."

Dókítà bú sẹ́rìn-ín, títí tó fi di tábìlì mú. "Ei! Eku mi ń jẹ kelewele!"

Ẹ̀rín tán, ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé. Ó yọ eku keje kúrò lára àwọn tó kù, ó sì lé oúnjẹ mi síta. Orúkọ mi ò sí nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní, "Padà wá ní ọlidé tó ń bọ̀. Mo lè fọkàn tán ọ."

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ nílé, bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lójijì ni wọ́n bi mí pé:

"Mélòó lo ń fún un?"

"Ẹyọ mẹ́ta lójúmọ́, Bàbá."

Wọ́n tọwọ́ bọ inú báàgì wọn, wọ́n sì yọ kelewele tó ṣì gbóná jáde nínú bébà. "Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́," ni wọ́n wí. Ìyá mi lọgun pé ṣebí ọsibítù ti ní kí wọ́n yé jẹ ohun díndín, gbogbo wa sì tún bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá mi ò jẹ ẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo wá mọ̀ pé òtítọ́ tó ń bà mí lẹ́rù láti sọ lè jẹ́ èyí tó máa gba ẹlòmíràn là. Kelewele ọjọ́ yẹn ńkọ́? Èmi ni mo jẹ ẹ́ tán. Mi ò pe ẹnikẹ́ni wá jẹ.